Ilé Ọba Tí Ó Jó: Ìtàn Ojúde Ààfin Ìlú Lisbon

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ẹni tí ó san owó ẹwà náà, kò sì sọ ohun tí ojú àwọn tí iná lé jáde rí kí ẹwà tó dé. Bí ibì kan bá wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ó yẹ kí a ti gbé òwe yìí yẹ̀ wò tinú-tẹ̀yìn, gbàgede ńlá tí ó wà ní etí odò Tejo ní ìlú Lisbon, olú-ìlú ilẹ̀ Potogí, ni.

Orúkọ méjì ni gbàgede náà ń jẹ́. Èyí tí ìjọba fún un ni Praça do Comércio, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Gbàgede Òwò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Lisbon ṣì ń pè é ní Terreiro do Paço, ohun tí èyí sì túmọ̀ sí gan-an ni Ojúde Ààfin. Láti ọdún 1755 ni ààfin kò ti sí níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí ojúde ọba ṣe di gbàgede òwò, àti ohun tí ìyípadà náà ná àwọn tí kò fi ojú kan Lisbon rí, ni kókó ìtàn yìí.

Ọba sọ̀kalẹ̀ wá sí etí odò

Láyé àtijọ́, orí òkè ni àwọn ọba Potogí ń gbé, nínú ilé olódi São Jorge tí ó ń wo gbogbo ìlú láti òkè wá. Ibi tí ọ̀tá kò ti lè tètè débẹ̀ ni ọba ìgbà náà ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ọba Manuel Kìn-ín-ní fi orí òkè sílẹ̀, ó sì kọ́ ààfin tuntun sí etí odò gan-an. Kì í ṣe pé ogun ti tán láyé. Ohun tí ọba ń ṣọ́ ni ó yí padà. Ní ọdún 1498 ni Vasco da Gama gba ojú òkun dé ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1500 ni Pedro Álvares Cabral gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Brazil. Ata, wúrà, eyín erin, aṣọ àti ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu odò Tejo wọlé. Ọba fúnra rẹ̀ ni olórí oníṣòwò, ó sì fẹ́ kí ojú òun máa tó ọjà òun.

Ìdí nìyí tí Ilé Íńdíà, níbi tí àwọn akọ̀wé ti ń ka ẹrù òkè òkun tí wọ́n sì ń gba owó ibodè lórí rẹ̀, fi wà lábẹ́ ààfin náà. Bákan náà ni wọ́n ti dá ilé mìíràn sílẹ̀ ní Lisbon láti ọdún 1486, tí wọ́n ń pè ní Ilé Ẹrú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ka àwọn ènìyàn tí wọ́n kó láti etíkun Áfíríkà, tí wọ́n ń dá iye lé wọn, tí wọ́n sì ń tà wọ́n. Nínú ìwé ìṣirò ìjọba, ìlà kan náà ni ènìyàn àti ata wà. Ojúde ààfin tí ó wà níwájú àwọn ilé wọ̀nyí sì di ibi gbogbo ohun ìgboro: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá màlúù jà fún ìran wíwò, ibẹ̀ ni ìlú ti ń pàdé ọba tuntun, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já ẹrù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1755 bọ́ sí ọjọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, àbẹ́là sì ń jó lórí pẹpẹ gbogbo. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, ilẹ̀ mì. Ó mì, ó dáwọ́ dúró, ó tún mì. Òrùlé wó lu àwọn tí ń gbàdúrà. Àwọn tí ó ráyè jáde ro ọ̀rọ̀ náà bí ọlọ́gbọ́n, wọ́n ní ibi tí kò bá ti sí ilé ni ilé kò ti lè wó pa ènìyàn. Wọ́n rọ́ lọ sí ojúde ààfin àti èbúté tí ó wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti bá wọn. Odò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó sì padà dé pẹ̀lú ìgbì gíga tí ó gbá ènìyàn, ọkọ̀ àti ẹrù lọ. Ibi tí omi kò sì dé, iná dé ibẹ̀. Iná àbẹ́là àti ti ààrò ran láti ilé dé ilé, ó sì jó fún ọjọ́ bí márùn-ún.

Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí iye ènìyàn tí ó kú. Àwọn kan ní wọ́n tó 10,000, àwọn mìíràn gbé iye náà dé 60,000. Ààfin etí odò parẹ́. Ilé ìkówèésí ọba, tí ìwé inú rẹ̀ tó 70,000, jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ilé eré orin ńlá tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààfin, tí wọn kò tíì lò ju oṣù méje lọ, wó lulẹ̀. Ọba José Kìn-ín-ní àti ìdílé rẹ̀ yọ, nítorí pé wọ́n ti jáde kúrò láàárín ìlú lọ sí Belém ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilé olókùúta ba ọba dé ibi pé inú àgọ́ àti ilé onípákó ní orí òkè Ajuda ni ó ń gbé títí ó fi wàjà ní ọdún 1777.

Jákèjádò Yúróòpù ni ìròyìn náà ti da ọkàn àwọn ènìyàn rú. Èwo ni kí a gbà gbọ́: pé Ọlọ́run ń jẹ ìlú níyà, tàbí pé ilẹ̀ ní ìṣe tirẹ̀? Voltaire, òǹkọ̀wé ará Faransé, kọ ewì lórí rẹ̀ ní ọdún 1756, ó sì tún mú un wọ inú ìwé rẹ̀, Candide, ní ọdún 1759. Immanuel Kant, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, kọ àròkọ mẹ́ta láti fi wá ohun tí ń mú ilẹ̀ mì. Ní Lisbon fúnra rẹ̀, àlùfáà Gabriel Malagrida kọ̀wé pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó fa àjálù náà, pé ìrònúpìwàdà ni iṣẹ́ tí ó kàn, kì í ṣe ilé kíkọ́. Ẹni tí ó dá a lóhùn kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan dá a lóhùn.

Àgò inú ògiri

Orúkọ ẹni náà ni Sebastião José de Carvalho e Melo, mínísítà ọba, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Marquês de Pombal nítorí oyè tí ó jẹ ní ọdún 1769. Ó ní kí wọ́n kó òkú sínú ọkọ̀ lọ rì sínú omi kí àjàkálẹ̀ àrùn má baà tẹ̀lé e. Ó dá iye lé oúnjẹ kí àwọn oníṣòwò má baà fi ìyà ìlú jèrè. Ó ri igi ìyẹ́gi mọ́lẹ̀ fún àwọn tí ń kó ẹrù nínú àwókù. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn àlùfáà ìjọ káàkiri ilẹ̀ Potogí: ìṣẹ́jú mélòó ni ilẹ̀ fi mì? Ènìyàn mélòó ni ó kú? Ǹjẹ́ omi fà sẹ́yìn kí ó tó ru sókè? Àwọn ìdáhùn wọ̀nyẹn ṣì wà, àwọn onímọ̀ sì kà wọ́n sí ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ mímì.

Iṣẹ́ ìlú títún kọ́ bọ́ sí ọwọ́ àwọn ẹnjiníà ológun. Olórí wọn, Manuel da Maia, ti ń súnmọ́ ẹni 80 ọdún. Ó kó ọ̀nà márùn-ún kalẹ̀ fún ìjọba láti yàn nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ láti orí kí wọ́n tún ìlú kọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ títí dé orí kí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn. Èyí tí wọ́n yàn ni pé kí wọ́n tẹ́ àwókù pẹrẹsẹ, kí wọ́n sì fa òpópó tuntun lé e lórí. Eugénio dos Santos àti Carlos Mardel, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Hungary, ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1758, àṣẹ ti jáde.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú iṣẹ́ náà pọ̀ ju èyí tí ojú ń rí lọ. Nítorí pé ilẹ̀ etí odò rọ̀, wọ́n ri òpó igi mọ́ inú rẹ̀ kí ìpìlẹ̀ lè dúró. Nínú ògiri ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi igi hun ohun kan tí àwọn Potogí ń pè ní àgò: òpó ìdúró, ìdábùú àti agbedeméjì tí a fi dí ara wọn mú, kí òkúta lè wó kí igi má wó. Ìtàn sọ pé wọ́n kọ́ àpẹẹrẹ rẹ̀ sí gbangba, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ogun máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ yí i ká kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò dúró. Wọ́n gbé ògiri àárín ilé sí ilé ga ju òrùlé lọ kí iná má baà fò. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn jẹ́ ìwọ̀n kan náà kí wọ́n lè gbẹ́ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí iṣẹ́ sì yá. Òpópó kọ̀ọ̀kan gba orúkọ iṣẹ́ ọwọ́: ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, ti àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, ti àwọn aránbàtà.

Gbogbo òpópó pàtàkì wọ̀nyí ń ṣàn lọ sí ọ̀nà gbàgede bí odò ti ń ṣàn lọ sókun. Ìwọ̀n gbàgede náà tó nǹkan bí mítà 170 lọ́tùn-ún lósì. Ilé alájà pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ olọ́wọ̀n gígùn ni ó yí i ká ní apá mẹ́ta. Apá kẹrin, tí ó kọjú sí gúúsù, ṣí sílẹ̀ gbayawu sí odò. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì tí ó kan omi ni ilé gogoro kọ̀ọ̀kan dúró bí ẹ̀ṣọ́. Wọ́n fi ìrísí wọn ṣe ìrántí ilé gogoro tí ó wà lára ààfin tí ó wó. Àtẹ̀gùn òkúta tí ó ní òpó méjì sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sínú omi. Ẹni tí ó bá ti òkun wá kì í bá ògiri tàbí odi pàdé; ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń bá pàdé. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni ilé owó ibodè, ilé ìpàdé àwọn oníṣòwò àti ọ́fíìsì ìjọba wà. Wọn kò tún ààfin kọ́ síbẹ̀ mọ́.

Ère ọba àti ojú mínísítà

Bí kò tilẹ̀ sí ààfin, wọ́n gbé ọba sí àárín gbàgede. Joaquim Machado de Castro ni ó gbẹ́ àwòṣe ère Ọba José lórí ẹṣin, Bartolomeu da Costa sì ni ó fi idẹ rọ ọ́ ní ọdún 1774, ní dída ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1775, tí í ṣe ọjọ́ ìbí ọba. Ẹṣin náà ń tẹ ejò mọ́lẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ère òkúta erin wà ní apá kan, ti ẹṣin wà ní apá kejì, láti fi hàn pé àṣẹ ilẹ̀ Potogí dé ibi tó jìnnà. Nígbà tí idẹ náà ṣú, àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe ibẹ̀ ní Gbàgede Ẹṣin Dúdú.

Níwájú ìpìlẹ̀ ère ni wọ́n fi àwòrán ojú Pombal tí a fi idẹ ṣe sí. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní oṣù Kejì ọdún 1777, ọba wàjà. Ọmọbìnrin rẹ̀, Maria Kìn-ín-ní, gorí oyè, ó sì lé mínísítà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ọ̀tá tí ẹni náà ní kò kéré: ó ti pa àwọn ọlọ́lá, ó ti lé àwọn àlùfáà Jesuit kúrò nílùú, Malagrida náà sì ti kú ikú ìtìjú ní ọdún 1761. Wọ́n yọ àwòrán ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi àmì ìlú Lisbon, ọkọ̀ ojú omi, dí àyè rẹ̀. Ó di ọdún 1833 kí wọ́n tó dá a padà. Bí ayé ti ń yí ni òkúta gbàgede ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó wo ohun tí wọ́n yọ àti ohun tí wọ́n fi sí i.

Ta ni ó san owó ẹwà?

Orúkọ Gbàgede Òwò kì í ṣe àwàdà. Àwọn oníṣòwò Lisbon ni wọ́n gbà láti san owó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tí ó bá gba ibodè wọlé, kí a fi tún ìlú kọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi orúkọ òwò dípò orúkọ ọba. Ní ojú ìwé, àwọn oníṣòwò ni ó sanwó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa pé irú ọjà wo ni ó ń gba ibodè náà wọlé.

Ṣúgà, tábà, awọ màlúù àti wúrà láti Brazil ni ó ṣe kókó nínú rẹ̀. Láti òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti rí wúrà ní Minas Gerais, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ti ọba. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ni wọ́n ń dúró nínú omi odò láti fọ wúrà náà jáde, àwọn ni wọ́n sì ń gé ìrèké. Àwọn oníṣòwò Bahia ń gbé tábà lọ sí etíkun tí wọ́n ń pè ní Mina, ní agbègbè tí ó di Benin òde òní, wọ́n sì ń fi í ra ènìyàn. Ní ọdún 1721, wọ́n kọ́ ilé olódi São João Baptista sí Ouidah nítorí òwò yìí kan náà.

Ní àkókò tí wọ́n ń kọ́ gbàgede, àwọn tí ń sọ èdè Fọn àti àwọn ìbátan wọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń kó láti etíkun náà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó kan àwọn ọmọ Yorùbá. Láti Èkó, tí àwọn Potogí sọ ní Lagos, láti Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, ni ọkọ̀ ti ń kó wọn lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Nígbà náà, Brazil ti gba òmìnira lọ́wọ́ Lisbon ní ọdún 1822, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí Lisbon là ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń tọ̀.

Àwọn kan a máa yin Pombal pé òun ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn ẹrú ní ilẹ̀ Potogí. Òótọ́ ni pé òfin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1761 sọ pé ẹrú tí ó bá ti òkè òkun gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Potogí yóò di òmìnira. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka òfin náà dé ìdí yóò rí i pé kò kan Brazil rárá, àti pé ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé wọn kò fẹ́ kí ọwọ́ iṣẹ́ dín kù níbi tí wúrà àti ìrèké wà. Mínísítà kan náà ni ó dá ilé iṣẹ́ òwò sílẹ̀ ní ọdún 1755 àti 1759 tí ó ń kó ẹrú lọ sí àríwá Brazil. Ó di ọdún 1888 kí oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá níbẹ̀. Òmìnira tí ó parí sí etí èbúté kò tíì jẹ́ òmìnira.

Ìbọn tí ó dún àti ìbọn tí kò dún

Ìtàn gbàgede náà kò parí sí ọ̀rọ̀ òkúta. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 1908, Ọba Carlos àti ìdílé rẹ̀ ti ìrìn àjò dé, wọ́n gúnlẹ̀ sí gbàgede, wọ́n sì wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí kò ní ìbòrí. Ní igun ìwọ̀ oòrùn gbàgede ni àwọn ọkùnrin oníbọn ti dá wọn lọ́nà. Ọba kú, àrẹ̀mọ rẹ̀ Luís Filipe kú. Ọmọ kejì, Manuel, fara gbọgbẹ́, ó sì jọba. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ọdún 1910, ìjọba ọba dópin ní ilẹ̀ Potogí. Ojúde tí ọba kọ́ láti máa wo ọrọ̀ rẹ̀ ni ó di ibi tí ilà ọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ìbọn kejì kò dún. Láti ọdún 1926 ni ìjọba afipámúni ti wà lórí àwọn Potogí, láti ọdún 1961 sì ni wọ́n ti ń bá àwọn ajìjàgbara jagun ní Angola, lẹ́yìn náà ní Guinea-Bissau àti Mozambique. Ní ọdún 1961 yìí kan náà ni ìjọba Dahomey gba ilé olódi Ouidah kúrò lọ́wọ́ wọn. Ogun ti sú àwọn ọ̀dọ́ ológun. Ní ìdájí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 1974, Kápítẹ́nì Salgueiro Maia, ẹni ọdún 29, kó ọkọ̀ ogun láti Santarém wọ gbàgede. Ìjọba rán ọkọ̀ ojú omi ogun wá sórí odò Tejo níwájú wọn. Wọ́n pàṣẹ kí ó yìnbọn, kò yìn ín. Àwọn ọmọ ogun ìjọba yọ sí wọn ní ẹ̀bá gbàgede. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n yìnbọn, wọ́n kọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìjọba náà ti ṣubú.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kan Áfíríkà ju bí ó ti kan Lisbon lọ. Ní ọdún 1974 ni wọ́n gbà pé Guinea-Bissau ti di òmìnira. Ní ọdún 1975, Mozambique, Cape Verde, São Tomé àti Angola tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ogun Lisbon ni wọ́n fi òmìnira ta àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí lọ́rẹ. Àwọn tí ó ti ń jà nínú igbó láti ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n kọ́kọ́ mú kí ìbọn wúwo lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun náà.

Ẹ̀kọ́ tí a kọ sórí ẹnubodè

Ní apá àríwá gbàgede ni ẹnubodè ológo kan wà, tí a tẹ òkè rẹ̀ bí ọrun, tí ó ṣí sí òpópó Rua Augusta. Láti ìgbà Pombal ni wọ́n ti ní i lọ́kàn, ṣùgbọ́n àárín ọdún 1873 sí 1875 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ère Vasco da Gama wà lórí rẹ̀, ti Pombal wà níbẹ̀, ti àwọn jagunjagun àtijọ́ Viriato àti Nuno Álvares Pereira náà wà níbẹ̀. Wọ́n fi èdè Látìnì kọ ọ́ sí i lórí pé ìwà akọni àwọn baba ńlá ni a fi ń rántí, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ sì ni lóòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ̀ ju èyí tí àwọn tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn lọ. Àwọn ẹnjiníà tí ó fi àgò igi sínú ògiri kọ́ ayé pé ènìyàn lè fi òye gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àjálù. Bákan náà, àwọn tí ó fọ wúrà nínú odò Minas Gerais wà nínú gbàgede náà bí àgò ti wà nínú ògiri: ojú kò rí wọn, kò sí ère wọn lórí ẹnubodè, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n gbé ilé náà ró. Ilé ọba jó, ẹwà sì bù sí i. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìtàn ẹwà tí kò bá sì dárúkọ àwọn tí ó sanwó rẹ̀, àbọ̀ ìtàn ni.